Aṣọ Ọjọ́ À-ń-relé

Abena aránṣọ ló kọ́kọ́ fura. Ó ra òwú búlúù ní ìsọ̀ Wúràọlá ní ọjà Kejetia ní Kumasi, ó gbé e délé, ó tú u nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó bá òwú aláwọ̀ ewé. Bó bá jẹ́ ìsọ̀ ẹlòmíì ni, ariwo ni ì bá fi bọnu. Ṣùgbọ́n Wúràọlá kì í ṣi òwú tà. Láti ìgbà tí kò tíì bí Bridget ọmọ rẹ̀ ló ti ń ta òwú àti bọ́tìnnì, gbogbo aránṣọ ló sì mọ̀ pé bí wọ́n bá mú ègé aṣọ bín-ín-tín wá bá Ìyá Bridget, yóò wò ó lẹ́ẹ̀kan, yóò nawọ́ sẹ́yìn, yóò mú òwú tó bá a mu jáde láìyíjú padà. Nítorí náà Abena kò pariwo. Ó gbé òwú náà padà wá lọ́jọ́ kejì, ó rọra gbé e sórí tábìlì, ó béèrè pé ṣé kò sí nǹkan.

Wúràọlá ní kò sí nǹkan. Irọ́ ló pa. Nǹkan wà.

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe ségesège. Bó bá jí láàárọ̀, àwọn nǹkan dúdú wínníwínní á máa fò níwájú rẹ̀ bí kòkòrò tó rí iná àtùpà. Bó bá dìde lójijì, òòyì á kọ́ ọ, ilẹ̀ á fẹ́ yí dà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì di ògiri mú títí ilẹ̀ yóò fi rántí ipò rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nọ́ńbà orin tí wọ́n ń kọ sára pátákó ń wárìrì bí aṣọ tí wọ́n sá sínú afẹ́fẹ́. Èyí sì le ju ti òwú lọ, nítorí òun ló máa ń ka nọ́ńbà fún Jacob ọkọ rẹ̀. Ìsọ̀ tí Jacob ti ń ta ohun èlò kẹ̀kẹ́ ni awò ojú rẹ̀ máa ń sùn, kì í rántí mú un wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Nísinsìnyí, àwọn méjèèjì á dìde, wọ́n á ṣí ìwé orin síbi tó bá wù wọ́n, wọ́n á máa la ẹnu.

"Afọ́jú ń fa afọ́jú," ni Jacob wí lọ́jọ́ kan, ó sì rẹ́rìn-ín.

Wúràọlá kò rẹ́rìn-ín. Ìyá tó bí i lọ́mọ fọ́jú kó tó kú, òun ló sì máa ń fọwọ́ mú un lọ sẹ́yìnkùlé. Ó mọ bí ọwọ́ ẹni tí kò ríran ṣe ń wúwo tó lọ́wọ́ ẹni. Olówùú tí kò mọ àwọ̀ mọ́, kí ló kù tó ń tà? Ẹ̀rù bà á débi pé kò fẹ́ sọ ọ́ jáde, bí ẹni pé bí ẹnu bá dárúkọ rẹ̀, yóò jókòó tì í.

Àìsàn tí kò lórúkọ, kò sẹ́ni tí kì í mọ oògùn rẹ̀. Ẹni tó ń kiri awò ojú ní Kejetia ní awò ló fẹ́, ó fi gbogbo èyí tó wà lórí àtẹ rẹ̀ dán an wò, àwọn nǹkan dúdú náà sì ń fò kọjá nínú gbogbo wọn. Olùṣọ́-àgùntàn gbàdúrà fún un. Ẹnìkan ní kó máa jẹ ẹ̀dọ̀, ẹlòmíì ní kó yé jẹ ẹran rárá. Ó gbọ́ ti gbogbo wọn tán, ó jẹ ẹ̀dọ̀, kò yé jẹ ẹran, òòyì kò sì yé kọ́ ọ.

Ohun tó wá rú gbogbo wọn lójú ni ti Asawase, àdúgbò kan ní Kumasi náà. Àìṣátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n jọ dàgbà ní agboolé kan náà, fẹ́ sọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórúkọ, Wúràọlá sì lọ bá a gbé fún ọ̀sẹ̀ kan àti àwọn ọjọ́ díẹ̀, kó lè bá a dáná kó sì bá a gbé ọmọ. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tó fi jí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó rí ilé ológoṣẹ́ lórí mọ́sáláṣí òdìkejì. Ó dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ kò yí.

"Alhamdulillahi," ni Àìṣátù wí. "Ilé wa gbà ọ́ o."

Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sílé tó sì sùn níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, gbogbo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ẹjọ́ nìyẹn. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan ní ó dájú pé ẹnìkan ti ri oògùn mọ́lẹ̀ nínú ilé náà. Ó dun Jacob. Òun ló fi owó kẹ̀kẹ́ ra búlọ́ọ̀kù ilé yẹn díẹ̀díẹ̀, òun ló sì po sìmẹ́ńtì rẹ̀. Kò bínú sí ìyàwó rẹ̀, àmọ́ bó bá ń jẹun, á gbé òkèlè dúró ní agbedeméjì ẹnu àti àwo, á máa wo ògiri bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ jalè. Wúràọlá ń wò ó, àánú rẹ̀ ń ṣe é. Ó fẹ́ràn ilé náà. Kò mọ ìdí tí ilé náà kò fi fẹ́ràn òun.

Bridget ló fòpin sí àròyé. Ó ti lọ́kọ, Yaw lorúkọ ọkọ rẹ̀, wọ́n sì ń gbé ní Bantama, kò jìnnà sí ọsibítù ńlá. Ó wá kí wọn, ó rí ìyá rẹ̀ tó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó sì gbé àpò rẹ̀ sílẹ̀.

"Maame, ó tó gẹ́ẹ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà, ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ̀dọ̀. Ní tiwa, yɛbɛkɔ asopiti lọ́la, ọsibítù là ń lọ."

Wọ́n lọ. Wọ́n tan iná sí ojú Wúràọlá, wọ́n ní ojú náà dára bí ojú ọmọge. Wọ́n wo etí rẹ̀, kò sí nǹkan. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ibi tó ń dà sí. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Akua, kì í kánjú. Ó béèrè àgbo tó ń mu, ó béèrè oògùn tó ń lò, ó béèrè oúnjẹ. Kò rí ohun tó ń wá. Ó ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ míì.

Lọ́jọ́ àpadàwá náà, Wúràọlá pinnu pé bí wọn yóò bá tiẹ̀ sọ fún òun pé òun ń fọ́jú, aṣọ gidi ni òun yóò wọ̀ gbọ́ ọ. Aṣọ gidi rẹ̀ kò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kúnlẹ̀, ó fa ọ̀kan nínú àpótí irin méjì tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ àpótí yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1969 tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé fi ilẹ̀ Gáńà sílẹ̀, Wúràọlá gun ọkọ̀ akẹ́rù padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú aṣọ kan ṣoṣo lọ́rùn, Bridget lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ṣe dáadáa sí i nílé ọkọ. Àmọ́ àbúrò bàbá Jacob obìnrin kan wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì bi í pé ṣé ọrọ̀ tí wọ́n lọ kó jọ náà nìyí. Kò gbàgbé ìyẹn láé. Nígbà tí nǹkan rọ̀ tí wọ́n padà sí Kumasi, ó ra àpótí méjì, ó ń kó aṣọ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan: dàmáskì, léèsì, àti sányán kan tó fi ọdún mélòó kan ṣe àjọ rẹ̀. Aṣọ ọjọ́ à-ń-relé ló ń pè wọ́n. Bí wọ́n bá tún lé òun, òun yóò sọ̀ kalẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ bí ìyàwó ọba. Ó ń fi kánfọ̀ sí i kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, lásìkò Àjíǹde àti lásìkò Ìkórè. Jacob a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá Bridget, ta ló tún fẹ́ lé ọ? Ṣé bọ́tìnnì ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ?"

Dàmáskì ló wọ̀ lọ sí ọsibítù. Ó jókòó síwájú Dókítà Akua, dókítà náà gbé bébà àyẹ̀wò, ó sì gbé e sílẹ̀. Ó fa imú.

"Maame, ṣé kánfọ̀ ni mò ń gbóòórùn yìí?"

Wúràọlá rẹ́rìn-ín, ó ní aṣọ tí wọ́n tọ́jú ni. Dókítà bi í níbo. Ó ní abẹ́ ibùsùn ni. Dókítà bi í bóyá òun ló ń sùn síbẹ̀, bóyá fèrèsé máa ń ṣí. Ó ní òun ni, àti pé ó ti tó oṣù mélòó kan tí fèrèsé kò ti ṣí mọ́ nítorí eruku títì. Ní ti ọkọ òun, parlour ló ń sùn sí, ẹní ló bá ẹ̀yìn rẹ̀ lára mu. Dókítà Akua kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́. Ó tẹ̀ síwájú.

"Aṣọ kí ni tí ẹ kì í wọ̀?"

Wúràọlá wo ilẹ̀. Èdè kọ́ ló ṣòro. Ó gbọ́ Twi bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe máa wí fún ọmọ onílé pé òun ti di ẹrù òun sílẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, nítorí òun ń retí ọjọ́ tí yóò lé òun jáde? Ojú tì í. Ó wo Bridget, Bridget sì ń wò ó, nítorí òun náà ti rò látìgbà èwe rẹ̀ pé ẹrù ìgbéyàwó òun ló wà nínú àpótí náà, títí tó fi lọ́kọ tí wọn kò ṣí i.

"Aṣọ tí màá wọ̀ bí ẹ bá tún ní ká máa lọ," ó ní.

Dókítà Akua yí bírò lọ́wọ́.

"Ìyá Yorùbá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré," ó ní. "Ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sọ́wọ́ ìyá mi lọ́jọ́ tó lọ. Kọ́kọ́rọ́ náà ṣì wà lára ìṣó nílé wa. Kò padà wá."

Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn kan wà tí kò gba kánfọ̀. Bí wọ́n bá ń fa òórùn rẹ̀ símú lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ náà á máa wó díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì dín, orí á máa yí, ojú á máa rí ohun tí kò sí. Ìdí nìyẹn tí Asawase fi gbà á. Nǹkan kan kò ṣe ojú rẹ̀. Wúràọlá bú sẹ́kún níbẹ̀, ẹkún ayọ̀ ló ń sun, kò sì fi gèlè bo ojú. Dókítà kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ fún un, àmọ́ ó ní oògùn nìkan kò ní ṣe é.

"Ẹ tú ẹrù yẹn, Maame," ó ní. "Mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n gbé àpótí méjèèjì sí àgbàlá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Bridget ń fa aṣọ yọ, ó ń sá a sórí okùn, Wúràọlá jókòó síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń pàṣẹ. Jacob dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kánfọ̀ ń bọ́ sílẹ̀ lára aṣọ, ó ń pọ̀ sí i, ó pọ̀ títí ó fi dà bí ẹyin adìẹ nínú ìtẹ́. Ó pọ̀ ju èyí tí Wúràọlá fi síbẹ̀ lọ fíìfíì. Bridget mú ọ̀kan sókè. Àkísà funfun ni Wúràọlá máa ń fi wé tirẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ Bridget, bébà ìwé ìròyìn ni wọ́n fi wé e, ó sì ní òróró dúdú kẹ̀kẹ́ lára.

Wúràọlá wo bébà náà. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀.

Jacob wo òkè. Ó wo ológbò aládùúgbò tó ń kọjá. Nígbà tí kò sí ohun mìíràn tó kù láti wò, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Mo rò pé o ti gbàgbé wọn ni," ó ní. "Mo bẹ̀rù kí kòkòrò má jẹ wọ́n. Bí wọ́n bá tún lé wa ńkọ́?"

Gbogbo ọdún tó fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn, òun náà ń yọ́ wọlé nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá wà lọ́jà, ó ń sọ kánfọ̀ sínú àpótí. Àwọn méjèèjì ń bẹ̀rù lábẹ́ òrùlé kan náà, kò sì sí ẹni tó jẹ́ kí ẹnì kejì mọ̀. Ó yẹ kí Wúràọlá bínú. Ó gbìyànjú rẹ̀ díẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ẹ̀rín ló gbé e, ó rín títí ó fi di Bridget mú, òòyì kọ́ ló kọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí Jacob wá jókòó ti òun, Jacob wá, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú níwájú ọmọ wọn, ohun tí kì í ṣe.

Wọ́n kó kánfọ̀ dànù. Wọ́n kan ìṣó mọ́ fèrèsé kó má lè tì mọ́. Bridget mú léèsì kan, ó ní òun ti dúró dè é pẹ́, kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Díẹ̀díẹ̀ ni ara ń bọ̀ sípò. Abena wá ra òwú, ó mú ègé aṣọ méjì tó fẹ́ jọra wá láti fi dán an wò, Wúràọlá sì na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú méjèèjì jáde láìyíjú padà. Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, ó wẹ̀, ó wọ sányán. Aṣọ náà ti gba afẹ́fẹ́ dáadáa, kò ní òórùn kankan mọ́ àfi ti oòrùn. Nígbà tí wọ́n dìde kọrin, ó wo pátákó láti ẹ̀yìn níbi tí wọ́n jókòó sí, ó sì ka nọ́ńbà sétí Jacob kí ó tó bi í.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ kan aṣọ náà. Wọ́n béèrè pé ayẹyẹ wo ni tí àwọn kò gbọ́, ṣé ọjọ́ ìbí ni, ṣé Bridget ti bímọ ni.

"Rárá o," ni Wúràọlá wí. "Aṣọ tí mo fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá délé ni. Mo ti délé."