Ìṣísẹ̀ Mẹ́rìnlélógún Láti Ara Ògiri

Ó ti tó ọdún méjìlélọ́gbọ̀n tí mo ti kúrò ní Chicago, síbẹ̀ bí yìnyín bá ti ń bọ́ níbi tí mo wà yìí, ẹsẹ̀ mi á ti mọ̀ kí ojú mi tó rí i. Ẹsẹ̀ mi náà ló sì dá ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ yìí.

Iṣẹ́ wa nígbà náà ni kí a máa gba bàálù wọlé. Bí ó bá ti balẹ̀ tán, tó ń fi táyà rìn bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, àwa la ó dúró níwájú ilé tí èrò ń bọ́ sí, a ó máa fi tọ́ọ̀ṣì pupa méjì júwe fún awakọ̀ rẹ̀ pé máa bọ̀, máa bọ̀, ó tó. Wọ́n ti fi ọ̀dà ya ìlà síbi tí táyà iwájú gbọ́dọ̀ dúró sí. Bí bàálù bá dé orí ìlà yẹn, gbogbo ara rẹ̀ ti wọlé nìyẹn. Bí kò bá dé ibẹ̀, ìrù rẹ̀ á kù sójú ọ̀nà tí àwọn bàálù yòókù ń gbà kọjá.

Bronek ni olórí wa, ọmọ Poland bíi tèmi, ọkùnrin kúkúrú kan tí ẹnu rẹ̀ ga ju ara rẹ̀ lọ. Òun ló bá mi wá iṣẹ́ náà. Nígbà tí yìnyín bá bo ọ̀dà mọ́lẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ibi tí ìlà wà àfi òun, nítorí ó ti há ìṣísẹ̀ gbogbo ibùdó tí bàálù ń dúró sí sórí: ibùdó keje, mẹ́rìnlélógún láti ara ògiri; ibùdó kẹjọ, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ilé iṣẹ́ wa fún wa ní rọ́bà ṣóńṣó-orí kan pé ká máa gbé e síbẹ̀ ṣe àmì, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì bàálù ń fẹ́ ẹ dànù bí ewé. Bronek ní tirẹ̀, bó bá ka ìṣísẹ̀ tán, ọbẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù nínú fúláàsì rẹ̀ ló máa ń dà sílẹ̀. Ọbẹ̀ bíìtì ni, gbòǹgbò pupa kan tí wọ́n ń jẹ ní Poland, Halina ìyàwó rẹ̀ ló ń sè é fún un lójoojúmọ́. Ó pupa lórí yìnyín funfun débi pé afọ́jú lè rí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Èrèlé, Bronek ń bá ọ́fíìsì jà lórí fóònù, ló bá na fúláàsì sí mi.

"Leszek, lọ da ọbẹ̀ sí ibùdó keje. Mẹ́rìnlélógún láti ara ògiri. Má mu ún o."

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ mu ọbẹ̀ tó ti tutù báyìí?"

"Mo mọ ohun tí ìwọ lè mu."

Mo lọ. Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo kà á sókè ketekete, n kò fo ẹyọ kan. Mo da ọbẹ̀. Nígbà tí bàálù dé, Bronek júwe fún un títí táyà iwájú fi tẹ ojú ọbẹ̀ gan-an. Ó ní, "Ó dà bí ẹni pé ó jìnnà sí ilé díẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní yìnyín ló ń tan òun jẹ.

Kò pẹ́ tí bàálù mìíràn fi ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Maureen Hatcher ló wà á. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí wọ́n fi í jẹ ọ̀gá awakọ̀, ìlà kẹrin tó jẹ́ àmì oyè náà léjìká aṣọ rẹ̀ ṣì ń dán. Àwọn awakọ̀ ọkùnrin kan ti ń sọ ọ́ kiri pé obìnrin kò lè mọ bí apá bàálù ti gùn tó. Ilé ìṣọ́, ibi tí wọ́n ti ń darí bàálù, sọ fún un lórí rédíò pé ẹni tó wà ní ibùdó keje ti wọlé, kó máa kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ ni mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn fi ọkọ́ ṣí agolo sàdíìnì. Orí apá rẹ̀ ti gé ṣóńṣó ìrù bàálù tiwa.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Ìyá àgbà kan nínú èrò rẹ̀ da tíì sí ọkọ rẹ̀ nítan, ọkọ náà sì ní tíì ọ̀hún kò gbóná láti ilẹ̀, kí wọ́n má ṣe yọ ara wọn lẹ́nu.

Maureen sọ̀kalẹ̀ wá dúró lábẹ́ apá náà. Lẹ́yìn tí wọ́n fa bàálù méjèèjì kúrò, katakata tó ń kó yìnyín dé, ó sì gbá ọbẹ̀ wa lọ. Ṣùgbọ́n Bronek ti fi ojú wọn ibi tí táyà dúró sí. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń kà á lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló kà kó tó débẹ̀. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wò ó sókè títí dé orí mi.

"Ẹsẹ̀ ta lo fi kà á?"

"Ẹsẹ̀ tèmi, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹsẹ̀ tìrẹ. Ìṣísẹ̀ ènìyàn ni mo rán ọ, ìwọ lọ ka ti àgùnfọn wá."

"Ẹ ò sọ fún mi pé ẹsẹ̀ yín ni."

Ó bojú wẹ̀yìn. Ó wá ní, "Gbọ́, gbé ẹnu rẹ dákẹ́. Òfin ní ẹni tí táyà rẹ̀ ń yí ló ni ẹ̀bi. Bí a bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé wa méjèèjì, Halina á sì tún lé mi nílé."

N kò fi bẹ́ẹ̀ sùn fún ọjọ́ méjì. Bí wọ́n bá dá ẹ̀bi náà lé Maureen nìkan lórí, ìlà kẹrin yẹn á kúrò léjìká rẹ̀, kò sì dájú pé yóò padà síbẹ̀ mọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Lindqvist ló wá ṣe ìwádìí, arúgbó onísùúrù kan tí awò ojú rẹ̀ kì í dúró lórí imú. Ó bi Maureen pé, "Ilé ìṣọ́ ní kí ẹ kọjá, àbí?"

"Wọ́n ní kí n kọjá."

"Ṣé àwọn ló jẹ̀bi nígbà náà?"

"Rárá, sà. Wọ́n lè ní kí n máa lọ, wọn ò lè bá mi mọ̀ bóyá apá mi gba ibẹ̀. Èmi ni mo gbé apá náà wá. N kò lè rí orí rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí, ó sì yẹ kí n dúró, kí n ní kí ẹnì kan wá bá mi wò ó. N kò dúró."

Aṣojú ilé iṣẹ́ wa di fáìlì rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ parí. Kí ó padà lọ máa ran ọ̀gá awakọ̀ mìíràn lọ́wọ́."

Lindqvist gbé kálàmù. Mo dìde, orí mi gbá iná àjà. Bronek fa ẹ̀wù mi lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ẹnu mi ti ń lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

Aṣojú náà ní, "Kí ni ẹ dà sílẹ̀?"

"Ọbẹ̀, sà."

"Ọbẹ̀ wo?" Lindqvist ló bi mí.

Bronek mí kanlẹ̀, òun náà dìde. "Ọbẹ̀ bíìtì ni, ọ̀gá. Ìyàwó mi ló sè é, kò mọwọ́ mẹsẹ̀ o. Èmi ni mo rán ọmọ yìí. Iye ìṣísẹ̀ náà, tèmi ni, n kò sì sọ fún un pé ẹsẹ̀ kúkúrú ni mo fi wọ̀n ọ́n."

Lindqvist yọ awò ojú rẹ̀. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìka ni wọ́n máa ń nà síra wọn níwájú mi. Lónìí ni mo rí ẹni mẹ́ta tó ń du ẹ̀bi. Ẹ jẹ́ ká jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀."

Ó ní kí èmi àti Bronek fẹ̀yìn ti ògiri, kí a ka mẹ́rìnlélógún lẹ́ẹ̀kan náà. Bronek parí síwájú ẹ̀rọ omi tútù. Èmi ń lọ ní tèmi, mo kọjá ọ́fíìsì mẹ́ta, mo parí sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn obìnrin, akọ̀wé kan ṣílẹ̀kùn ó sì ní, "Ṣé kò sí wàhálà?" Maureen ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi fìlà bo ẹnu rẹ̀.

Nígbà tí a padà jókòó, Lindqvist ní, "Ẹni tó ń rìn ló gbọ́dọ̀ wo ọ̀nà. Ìyẹn ò yí padà. Ìyáàfin Hatcher jẹ̀bi, ó sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kí àgbà awakọ̀ kan jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́wàá, ìlà rẹ̀ kò kúrò. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni ìrù yẹn tàn jẹ." Ó kọjú sí aṣojú. "Ilé iṣẹ́ tó ń fi ọbẹ̀ olóbẹ̀ ṣe àmì ni kó gba ìwé ìkìlọ̀. Ẹ ra okùn ìwọnlẹ̀, kí ẹ ri òpó pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kó máa yọ lórí yìnyín." Aṣojú wúkọ́. "Ìwọ Bronek, máa kọ nǹkan sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin, o ò gbọ́dọ̀ wọn ohunkóhun mọ́. Abẹ́ apá bàálù ni kí o máa rìn títí yìnyín á fi lọ, kí o máa wò ó fún àwọn awakọ̀."

Níta, Maureen bá mi. "Ìwọ lo fẹ́ gba ìlà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá."

"Ẹ̀bi tèmi ni mo jẹ, ìwọ náà ti jẹ tìrẹ. Tó bá di ọjọ́ tí mo tún ń kọjá níbẹ̀, má lọ jìnnà."

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, mò ń jẹun lọ́wọ́ ni Bronek sáré wọlé. "Àgùnfọn, wọ́n ń pè ọ́." Mo mú búrẹ́dì sẹ́nu, mo sáré jáde. Maureen ti dúró sójú ọ̀nà gbangba, bàálù mẹ́ta tò sẹ́yìn rẹ̀. Bronek gbé rédíò sókè kí n lè gbọ́.

"Ọ̀gá, àyè wà níbẹ̀ dáadáa," ilé ìṣọ́ ń sọ.

"Ó lè wà. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ni mo fẹ́ kó sọ ọ́ fún mi."

Mo bọ́ sábẹ́ orí apá rẹ̀, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sókè, a jọ ń rìn ní ìṣísẹ̀ kan ní ìṣísẹ̀ kan. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ti lè kọ ọ́ lọ; Bronek tó bá mi rẹ́rìn-ín sí i ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Àyè tó wà láàárín apá náà àti ìrù ẹlòmíràn fẹ̀ tó láti kọ́lé sí.

Ilé ìṣọ́ bi Maureen bóyá ó ti tẹ́ ẹ lọ́rùn báyìí. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, àti pé lọ́la òun á tún dúró.