Ẹni Tí Wọ́n Mọ̀ Pé Kò Ní Lọ

Ọdún kẹtàlá rèé tí Mùfúlíátù ti ń bá báǹkì kan ṣoṣo ṣe. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Utako ló ń ta ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún àwọn ilé ìwòsàn. Nígbà tí iṣẹ́ ńlá kan já mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn tó gbé e fún un ní àwọn ò ní san àsansílẹ̀ àfi bí báǹkì bá ṣe onídùúró rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ṣebí ará ilé lòun.

Àfi bó ṣe rí iye tí báǹkì fẹ́ gbà kó tó dúró fún un: ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún owó àsansílẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀, ìdá kan péré ni wọ́n gbà lọ́wọ́ Saheed, ọlọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àkáǹtì síbẹ̀ lọ́dún yìí.

Ó lọ bá Tiwátọ́pẹ́, ọmọbìnrin tó ń bójú tó àkáǹtì rẹ̀ ní báǹkì.

“Ọmọ mi, kí ni mo ṣe fún yín?”

Tiwátọ́pẹ́ wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Mà, wọ́n ń fi owó kékeré yẹn fa ojú Alhaji Saheed mọ́ra ni. Ẹ̀yin… wọ́n mọ̀ pé ẹ ò ní lọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Mùfúlíátù wọra. Ó gba báǹkì mìíràn lọ ní Wuse lọ́jọ́ náà gan-an. Ọ̀gá ibẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó wo ìwé rẹ̀ títí, ó wá bi í pé, “Hájíà, ọdún mẹ́tàlá! Kí ló dé tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ẹ lọ?” Ó ní ìdá mẹ́rin lòun máa gbà, kó sì fi ìwé ilé rẹ̀ dógò. “Ẹ má bínú, a ò mọ̀ yín ni.”

Gbogbo gbèsè tó ti san lásìkò láti ọdún mẹ́tàlá yìí wá, báǹkì àkọ́kọ́ nìkan ló mọ̀ ọ́n. Kò sí bó ṣe lè dì í sínú báàgì gbé e lọ síbòmíràn.

Ó ku ọjọ́ kan kí gbèdéke tí wọ́n fún un láti mú onídùúró wá pé nígbà tó padà sí báǹkì àkọ́kọ́. Tiwátọ́pẹ́ gbé ìwé síwájú rẹ̀, kò lè wò ó lójú.

“Mo bá yín bẹ̀ wọ́n, mà. Wọn ò gbà.”

“Mo mọ̀.” Mùfúlíátù buwọ́ lù ú.

Kò tíì dé ìdí ọkọ̀ tí Khàdíjàt, akọ̀wé rẹ̀, fi pè. “Mà, ṣé wọ́n dín owó náà kù?”

“Wọ́n ti ṣe onídùúró wa,” ló fi dá a lóhùn.

Khàdíjàt hó yèè. Ó ní kí Ọlọ́run bá àwọn dá báǹkì náà sí. Mùfúlíátù ṣe àmín.