Àpò Ẹ̀jẹ̀ Kan fún Aláìsàn Méjì

Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ring Road ló kọ́kọ́ rí i. Àpò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú fíríìjì, kọ̀ǹpútà sì ti pín in fún aláìsàn méjì. Ọlọ́run ló yọ wọ́n: nọ́ọ̀sì náà tún orúkọ yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ilé ìwòsàn fi ìbínú pe Màdáámù Akínsànyà, ẹni tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Bodija ṣe ètò tí wọ́n fi ń pín ẹ̀jẹ̀.

Màdáámù pe Zùwáírátù wọlé. Òun ló fi èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Java kọ ètò náà.

"Ṣé o dán an wò ṣá?"

"Mo dán an wò, mà. Gbogbo ìdánwò ló yege. Ẹ wò ó."

Ó yí láptọ́ọ̀pù rẹ̀ sí i. Àwọ̀ ewé ni láti òkè délẹ̀, kò sí pupa kankan tó ń fi àṣìṣe hàn. Àmọ́ kì í ṣe ojúlówó ibi ìpamọ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń dá ètò náà lóhùn nínú ìdánwò wọ̀nyẹn. Adèlé ni, kóòdù kékeré tí Zùwáírátù fúnra rẹ̀ kọ kí ó lè dúró bí ẹni pé òun ni ibi ìpamọ́. Mọ́ọ̀kì ni àwọn oníṣẹ́ náà ń pè é. Ó yára, kò ní wàhálà, ohun tí wọ́n bá sì kọ́ ọ ló ń sọ.

"Bí kò bá bàjẹ́ níbí, ibo ló ti bàjẹ́?" Màdáámù béèrè.

Orúkọ kan wá sí Zùwáírátù lọ́kàn: Àyànkúnlé. Òun ló ń tọ́jú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tí ètò náà ti ń ṣiṣẹ́, ní ọ́fíìsì wọn kejì ní Onírèké. Kò sí ẹlòmíì tó ń fọwọ́ kàn án. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ètò náà fún ilé ìwòsàn, ó ní kí wọ́n má kánjú, pé ìdánwò adèlé nìkan kò tó. Wọn ò gbà á gbọ́. Ẹni tí wọn ò gbọ́ tirẹ̀ lè máa wá ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ òun yóò fi ṣẹ. Bí Zùwáírátù ṣe ń rò ó ni gbogbo rẹ̀ ń bára mu. Nígbà tí òun sọ ọ̀rọ̀ àpò ẹ̀jẹ̀ náà fún un lórí fóònù, kò tilẹ̀ yà á lẹ́nu.

Kò sọ ìfura rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó wọ máíkírà lọ sí Dugbe, ó gun ọ̀kadà dé Onírèké, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ọ́fíìsì náà láìkànkùn. Bí Àyànkúnlé ṣe rí i, ó pa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dé wàrà.

"Bọ̀dá Àyànkúnlé, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ ń ṣe tí ẹ fi pa á dé?"

"O ò sọ pé o ń bọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i."

Ó wò ó títí, ó mí kanlẹ̀, ó ṣí i. Ìdánwò ni, àmọ́ kò sí adèlé níbẹ̀. Inú sáfà gidi ló ti ń ṣe é. Ó ti fi ìbéèrè méjì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn méjèèjì sì ti gba àpò kan náà. Pupa fòò.

"Ẹ ti da nǹkan rú nínú sáfà yìí," Zùwáírátù sọ.

"Ó dáa. Sáfà tuntun rèé, ẹnikẹ́ni ò tíì lò ó. Fi ọwọ́ ara rẹ gbé kóòdù rẹ sí i. N ò ní sún mọ́ ọn."

Ó lọ dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó káwọ́ sẹ́yìn. Zùwáírátù ń ṣiṣẹ́, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú ṣọ́ ọ. Ó dán an wò. Pupa. Ó tún un ṣe. Pupa.

Ó kọjú sí Àyànkúnlé. "Kí ló wá fà á?"

Àyànkúnlé fa àga sún mọ́ ọn. "Bí ẹnì kan bá ń mú àpò kan lọ́wọ́, sáfà á tilẹ̀kùn kí ẹlòmíì má bàa mú un. Àmọ́ ẹnu géètì, níbi tí ìbéèrè ń gbà wọlé láti ìta, nìkan ló ti ń tilẹ̀kùn. Kóòdù rẹ ò gba géètì wọlé, inú ilé ló ti ń pe ara rẹ̀. Wo ìlà yìí. Adèlé rẹ ò ní géètì rárá, báwo ni yóò ṣe mọ̀?"

Òótọ́ ni. Zùwáírátù tún ibẹ̀ kọ kí ó lè gba ẹnu géètì. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbéèrè kan gba àpò, sáfà sì sọ fún èkejì pé kò sí mọ́. Ó pe Màdáámù.

"Kóòdù mi ni, mà. Sáfà ò ṣe nǹkan kan."

Màdáámù ní kí ó máa lo adèlé rẹ̀ nígbà tó bá ń kọ kóòdù lọ́wọ́, àmọ́ ohunkóhun ò gbọdọ̀ dé ilé ìwòsàn mọ́ láìjẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ yege nínú sáfà gidi.

"Èmi lo rò pé mo bà á jẹ́, àbí?" Àyànkúnlé béèrè.

"Mo rò bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ má bínú."

"Èmi náà fura sí ọ. Mo rò pé o mọ̀ pé kò dáa, tí o wá fi adèlé bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò fẹ́ kí o mọ̀ títí ẹ̀rí yóò fi pé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Zùwáírátù lára. Ó mọ̀ pé irú rẹ̀ lòun náà rò sí i láti Bodija títí dé Onírèké, síbẹ̀ ó dùn ún. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó dágbére. Àyànkúnlé sìn ín dé ojú títì, wọ́n sì jọ dúró de ọ̀kadà.