Lẹ́tà Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Brandvold Kò Kà

Igba akẹ́kọ̀ọ́ ló ń du àyè mẹ́rin péré ní ẹ̀ka títo eyín ní Omaha lọ́dún náà. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti fi wáyà tí ń to eyín sí Marisela Quintana lẹ́nu ni ọkàn rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Máàkì rẹ̀ dára, ọwọ́ rẹ̀ mọ wáyà í tẹ̀. Lẹ́tà ìjẹ́rìí nìkan ló kù.

"Lọ kọ ọ́ fúnra rẹ," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Brandvold wí, kò tilẹ̀ gbójú kúrò lẹ́nu aláìsàn tó ń tọ́jú. "Bí mo ṣe ń ṣe é fún gbogbo yín nìyẹn. Ṣáà gbé e wá, màá fọwọ́ sí i."

Marisela jókòó ti ìwé fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Gbogbo ohun tó rí kọ nípa ara rẹ̀ ò ju èyí lọ: "Ó máa ń tètè dé."

Thaddeus Kowal, tí wọ́n jọ ń tẹ wáyà lórí tábìlì kan náà, tí òun náà ń du àyè, kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọbìnrin yìí! Ṣé iṣẹ́ ọlọ́dẹ lò ń wá ni? Gbé e wá, jẹ́ kí n bá ọ tún un kọ."

"Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o, Thad. Ayé mi ló wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀," ló wí, etí rẹ̀ sì pọ́n bíi tòmátì.

Thad ló gbé lẹ́tà náà lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n fọwọ́ sí i láì kà á, ó fi ránṣẹ́. Marisela ò fojú kàn án, nítorí òfin ni pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í rí lẹ́tà ara rẹ̀.

Ọjọ́ íńtáfíù pé. Dókítà Solveig Brandvold, olórí ẹ̀ka náà, ìyàwó ọ̀jọ̀gbọ́n láti ọdún mọ́kànlélógójì, ló jókòó láàárín àwọn àgbà mẹ́ta. Ó gbé awò ojú wọ̀, ó sì ń kà:

"'Láti ọjọ́ tó ti jókòó tì mí, mi ò tíì tẹ wáyà kan kó gún. Bó bá rẹ́rìn-ín, mo máa ń gbàgbé iye eyín tó wà lẹ́nu èèyàn. Bí ẹ ò bá gbà á, ojú yín ti fọ́ nìyẹn. Èmi, Ansgar Brandvold.'"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ka iná tó wà ní òkè àjà. Òógùn bo Marisela. Ó mọ ẹni tí wáyà rẹ̀ kì í gún. Ayé rẹ̀ ń jóná lójú ẹ̀, síbẹ̀ nǹkan kan ń dùn mọ́ ọn láyà, ó dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe.

"Ṣé ọkọ mi ló kọ èyí?"

Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tú ilé onílé ká. Bó bá ní rárá, ó di oníjìbìtì.

"Rárá, mà. Ọ̀rẹ́ mi ni. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yin ara ẹni."

"Mo kúkú mọ̀ pé kì í ṣe òun. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni Ansgar kọ sí mi láyé yìí. Ó ní kí n ra bátìrì bọ̀." Màmá ṣí fáìlì mìíràn. "Ọ̀rẹ́ rẹ yìí, ṣé Kowal ni? Wo gbogbo ohun tó wà nínú lẹ́tà tiẹ̀: 'Ó máa ń tètè dé.'"

Omi bọ́ lójú Marisela.

"Pè é wá," ni màmá wí, ó ń nu awò rẹ̀. "Kó mú bíìrò dání. Òun ló máa bá Ansgar kọ lẹ́tà ìfẹ́ tèmi. Ansgar kúkú máa fọwọ́ sí i."

Níta, Thad fò dìde. "Ṣé wọ́n gbà ọ́?"

"Wọ́n ní ojú àwọn ò tíì fọ́." Ó di etí pupa yẹn mú, ó fẹnu kò ó níbẹ̀. "Bíìrò rẹ dà?"