Ẹni Mímọ́ Wo La Ó Tanná Fún?

"Bàbá, ẹ fi èyí sẹ́nu kí ọkọ̀ tó gbéra. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa tún bì sára bíi ti ọjọ́sí." Ritianne na atalẹ̀ tó ti gé wẹ́wẹ́ sí bàbá rẹ̀ nínú èrò èbúté.

Ojú ti Karmnu bó ṣe gbà á. Òun ló ń wọ́ ọmọ lọ síbi tí kò fẹ́, ọmọ náà ló tún ń tọ́jú òun.

Láti ìgbà tí Ritianne, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti sọ pé Kylie, ọmọbìnrin kíláàsì òun, lòun fẹ́ràn, oorun ti dá lójú Karmnu. Ohun tó bá wu ọmọ jẹ kì í run ọmọ nínú, bẹ́ẹ̀ làgbà wí. Ġuża, ẹ̀gbọ́n Karmnu, ní irọ́ ni. Ní Malta níbí, òfin ti ka "ìtọ́jú" tó ń yí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ padà léèwọ̀. Ni Ġuża bá wá ọkùnrin kan tó ń ṣe é rí ní Sísílì, lódìkejì òkun. Ó ní, "Òfin ò mọ odò wẹ̀!"

"Ẹ̀yin ará ilé Oníbúrẹ́dì! Ibo lẹ̀ ń lọ?" Ìyá Ċetta àdúgbò wọn ló dé yẹn, àpò àbẹ́là lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dókítà la fẹ́ lọ rí, ìyá. Nítorí Ritianne ni."

"Yéè! Ọmọ dáadáa yìí? Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ lọ́hùn-ún, n ó tanná fún un. Ojú ni? Ti ẹni mímọ́ Santa Luċija nìyẹn. Ọ̀fun ni? San Blas la ó bẹ̀. Ibo ló ń dùn ún?"

Karmnu wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ọ̀fun yẹn ló fi ń kọrin nídìí ààrò láràárọ̀ títí àwọn oníbàárà á fi ní kó ṣàánú àwọn. Ibo ni kí òun sọ pé ó ń dùn ún?

Ritianne rọra sọ sí i létí pé, "Ẹ sọ èyí tó bá wù yín, Bàbá. Mi ò ní já yín níyàn."

Ó dun Karmnu wọra.

"Ìyá, ẹ má wulẹ̀ tanná kankan," ó ní, ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe rò lọ. "Ara ọmọ mi dá ṣáṣá."

"Kí wá lẹ̀ ń wá dókítà lọ fún?"

"Mi ò mọ̀ mọ́, ìyá."

Ó gbé àpò wọn, ó kọrí sí ọ̀nà ilé. Ritianne ò kúrò lójú kan.

"Ṣé a ò lọ mọ́ ni?"

"A ò lọ mọ́, ọmọ mi."

Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó bú sẹ́kún gbẹ̀ẹ́ bí ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìgbà yẹn ni Karmnu tó mọ bí ẹ̀rù ti ń ba ọmọ náà tó láti ilé wá.