Ọwọ́ Tí Suliat Fi Ń Gbá Gọ́ọ̀fù

Inú ń bí mi, ẹ má sì bẹ̀ mí.

Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ gọ́ọ̀fù ní ilé ìwé wa ní Ayétòrò. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín títí: ta ló ń kọ́ ọmọ àgbẹ̀ ní eré olówó? Mo mọ̀ pé ọmọdé kì í fẹ́ dúró gbọnrangandan kí èèyàn máa to ẹsẹ̀ àti èjìká rẹ̀, ni mo bá sọ ọ́ di eré. Mo to agolo tòmátò sórí pápá, mo tẹ́ táyà lọ́rì sílẹ̀. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù wọ inú táyà, gbogbo wa á ki oríkì rẹ̀. Ẹni tó bá tàsé, á jó. Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ tàsé nítorí ijó.

Suliat kì í tàsé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ọlọ́wọ́ òsì. Igi tí àwọn yòókù fi ń gbá bọ́ọ̀lù kò bá a lọ́wọ́ mu, torí apá kan ṣoṣo ni ojú rẹ̀ kọ sí, mo bá ní kí Bàrúwà káfíńtà gbẹ́ tirẹ̀ kí ojú rẹ̀ kọ sí òdìkejì. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, tó bá ti di igi yẹn mú, ariwo rẹ̀ á gba gbogbo ilé ìwé kan.

Nígbà tó yá, kóòṣì kan, Màdáàmù Túnbọ̀sún, ránṣẹ́ láti Abẹ́òkúta pé òun ń bọ̀ wá yan ọmọ kan tí òun máa kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ìsinmi. Ta ni ì bá tún jẹ́ bí kò ṣe Suliat?

Ọjọ́ pé, ó kan Suliat. Bó ṣe dúró báyìí, ọ̀gá ilé ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Akínladé, fò dìde lórí àga.

"Ọwọ́ òsì kẹ̀? Níwájú àlejò? A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni!"

Ó gba igi lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbá a lọ́wọ́ òsì, pàá, ó wá fún un ní igi ọlọ́wọ́ ọ̀tún.

Suliat fì í, ó gbá afẹ́fẹ́. Ó tún fì í, ó gbá ilẹ̀. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó ní kó jó.

N kò mọ ìgbà tí mo dé àárín pápá. "Ọ̀gá, ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀! Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Bọ́ọ̀lù ló ń gbá, kì í ṣe àgbà ló ń kí!"

"Àǹtí Ọmọ́délé, ṣé èmi lo ń pariwo mọ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

Màdáàmù Túnbọ̀sún ní kò sí wàhálà. Ó fa igi ọlọ́wọ́ òsì kan tó ń dán yọ nínú báàgì rẹ̀, ó nà án sí Suliat. "Fi ọwọ́ tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn gbá a, ọmọ mi."

Suliat wo igi náà. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó wù ú. Ó wá fi ọwọ́ òsì rẹ̀ pamọ́ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ọmọ mìíràn ni wọ́n yàn. Ọ̀gá wa gbàdúrà ìparí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. N kò ṣe àmín.

Lọ́jọ́ Ajé, mo to agolo mi, mo pe Suliat. Ó ní òun á kàn máa bá wa ṣa bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń ṣà á. Bọ́ọ̀lù ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń tún un mú, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn.