Ẹṣin Tí Bákàrè Fi Sílẹ̀

"Kàúsárà, gbé gàárì yẹn sílẹ̀, kí o wọlé," ni Alhájì Abọ́dẹrìn wí.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá náà kò gbé e sílẹ̀. Òrí ló fi ń pa awọ gàárì náà, ó sì ń fi èékánná họ erùpẹ̀ tó há sójú rírán, bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Bákàrè ló kọ́ ọ ní ẹṣin gígùn ní pápá ẹ̀yìn Krofrom, ní Kumasi. Kì í sì í jẹ́ kó gùn ún láìkọ́kọ́ nu ìjánu. Ibà ló pa Bákàrè. Sàbírátù, ìyàwó rẹ̀ tó bí Kàúsárà, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde opó ni.

"Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n," ni Sàbírátù bẹ̀bẹ̀. "Ìdí ẹṣin yìí nìkan ló ti ń rẹ́rìn-ín."

Alhájì, ẹ̀gbọ́n Bákàrè, fara ti ògiri. "Ẹnì kan ní Asafo fẹ́ rà á. Mọ́lẹ́bí ló ni ogún. Ṣùgbọ́n bí o bá gbà kí n ṣú ọ lópó, ilé mi ni ìwọ àti ọmọ yóò wà, ẹṣin náà yóò sì wà níbẹ̀. Kí la tún fẹ́ tà á fún?"

Sàbírátù wo ọkùnrin náà, inú rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó ti ní in lọ́kàn láti gba yàrá kan ní Dichemso, kó máa bá òwò aṣọ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Kàúsárà ti dìde, ó ti fi ojú pamọ́ sí ọrùn ẹṣin.

"Mo gbà," ni Sàbírátù wí, "bí ọmọ mi yóò bá máa gùn ún."

"Ìn-ṣáà-Állàh," ni Alhájì dáhùn.

Wọ́n so yìgì lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, Ìkrímà, àkọ́bí Alhájì, ti wà lórí ẹṣin. Sàbírátù bi ọkọ rẹ̀ léèrè. Alhájì kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè.

"Ọmọbìnrin tó ń dàgbà bọ̀ ni yóò máa ya ẹsẹ̀ lórí ẹṣin kiri Kumasi? Kí ni àwọn ààfáà yóò wí? Ó ṣáà ń rí ẹṣin náà lójoojúmọ́. Ó mọ gàárì í tọ́jú. Kó máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tọ́jú rẹ̀."

Oṣù gorí oṣù, Iléyá dé. Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, Kàúsárà di gàárì mọ́ ẹṣin, ó nu àlùkẹmbù tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ títí ó fi ń dán. Ìkrímà kò lè gòkè fúnra rẹ̀, ó na ẹsẹ̀. Kàúsárà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀, ó fi gbé e gun ẹṣin.

Akua aládùúgbò wọn ń pàtẹ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Alhaji, wayɛ adeɛ paa!" Ó ń yìn ín pé ó ṣeun, ó gba opó àti ọmọ òrukàn sílé. Alhájì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí ẹṣin lọ tán, Kàúsárà wọ yàrá ìyá rẹ̀, ẹrẹ̀ bàtà Ìkrímà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò ṣe mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Mi ò fẹ́ ẹṣin náà mọ́."

Sàbírátù fa ọmọ náà mọ́ra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kàúsárà kan ikùn ìyá rẹ̀ tó ti ń le, oyún inú rẹ̀ sì sọ.

Kàúsárà yọ ara rẹ̀ kúrò, ó wo ikùn náà, ó wo ojú ìyá rẹ̀. Ó gbé garawa, ó jáde lọ pọn omi tí ẹṣin yóò mu bó bá dé.